Ìbéèrè Tí Ó Kọjá Ẹnu Ọ̀nà

Bí àjèjì bá kó ẹrù dé agbo-ilé kan ní Limawa, nínú ìlú Minna, kí ó tó tẹ́ ẹní rẹ̀ ni ìbéèrè yóò ti máa rọ̀jò lé e lórí. Ọmọ ìlú wo ni? Ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń lọ ni, àbí mọ́sálásí? Ọkọ rẹ̀ dà? Èló ni ìjọba ń san fún un? Lọ́pọ̀ ìgbà, àwa ọmọ Yorùbá tí a jọ jẹ́ àlejò níbẹ̀ ni ìbéèrè wọ̀nyí ń dùn lẹ́nu jù.

Mo mọ àwíjàre wa. A ó ní àwọn baba wa kì í rí àlejò kí wọ́n má bi í ní orílẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oríkì ni wọ́n fẹ́ fi kí i, wọ́n a sì ti gbé omi fún un kí wọ́n tó bèèrè. Tiwa yàtọ̀: ohun tí a gbọ́ ní òwúrọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé Bosso. Bẹ́ẹ̀ òfófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ.

Ẹ wo ètò ìkànìyàn ọdún 2006. Ìjọba àpapọ̀ kò bi ẹnikẹ́ni ní ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀, nítorí wọ́n mọ ìjà tí ó lè tìdí rẹ̀ yọ. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sì dáàbò bo ilé, lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ará ìlú. Bí ìjọba bá lè dákẹ́, kí ni ti ayọjúràn inú ilé kejì?

Nínú èdè Hausa tí a fi ń ná ọjà ní Minna, wọ́n a máa sọ pé, "Ba ruwana." Bí a bá tú u ní ẹyọ ẹyọ, "kò sí omi mi níbẹ̀" ni, èyíinì ni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn mí. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ògbufọ̀ fẹ́ràn gbólóhùn yìí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a lò ó kọjá ààlà. Bí ará ilé wa bá ń kérora lóru, tàbí tí ọkọ kan ń lu aya rẹ̀, omi wa wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni àpọ̀jù ìbéèrè ti ń ṣe wá ní ibi. Obìnrin tí ìjọba gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Minna, tí a bi léèrè ìdí tí kò fi tíì bímọ títí ó fi ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kì yóò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni wa nígbà tí ibà bá dá a wólẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó yẹ kí a bi í ní ọjọ́ àkọ́kọ́: "Ta ni kí a ránṣẹ́ sí bí ara yín kò bá yá?" Kí a kọ orúkọ náà sílẹ̀, kí a sì fi ibi tí a ti ń pọn omi hàn án.