Sùúrù Nìkan Kò Lè Tún Ilé Àjọgbé Ṣe

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ráhùn lónìí pé alájọgbé òun ń yọ òun lẹ́nu, ìmọ̀ràn tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kó ṣe sùúrù. Ìyá rẹ̀ á sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ á fi àdúrà kún un. N kò bá sùúrù jà. Ṣebí àwọn àgbà ló ní sùúrù ni baba ìwà. Àmọ́ ohun tí mo ń rí láàrin àwa tí à ń gbé ìta ọgbà, yálà ní Agbowó n'Íbàdàn, ní Tanke n'Ílọrin, ní Akọka l'Ékòó tàbí ní Aṣẹrífà n'Ífẹ̀, ni pé ohun tí à ń pè ní sùúrù kì í ṣe sùúrù mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ lásán ni. Ẹnì kan ń ṣe bó ṣe wù ú, ẹnì kejì ń gbé e mì, títí ọ̀rọ̀ á fi bẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Èrò tèmi ni pé ìwà burúkú kọ́ ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù nínú ilé àjọgbé. Àìsí àdéhùn ni. A mọ bí a ṣe ń ná owó ilé mọ́ éjẹ́ǹtì lọ́wọ́ títí dé orí kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ jọ máa sùn, tí a fẹ́ jọ máa jí, a kì í bá a sọ ohunkóhun. Ohun tí a máa ń sọ ni pé nígbà tí a bá débẹ̀, a ó mọ bí a ó ṣe ṣe é. Ìgbà tí a bá débẹ̀ tán, tí owó ti wọ àpò onílé, ni ojú ẹni kálukú tó ń là.

Àwa tí à ń kọ́ nípa àṣà Yorùbá fẹ́ràn láti máa sọ pé àwọn baba ńlá wa mọ bí a ṣe ń gbé pọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n níwà jù wá lọ. Ìjà wà nínú agbo ilé àtijọ́. Bí kò bá sí ìjà, kí ni orin olórogún ń wá nínú ìwé tí à ń kà? Ohun tí agbo ilé ní tí yàrá wa kò ní ni ètò. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan mọ ọjọ́ tí oúnjẹ kàn án. Ìyàwó tó kẹ́yìn wọlé mọ̀ pé ọwọ́ òun ni ìgbálẹ̀ àárọ̀ wà. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ohun ìní òun á fi ààlè sí i, gbogbo ènìyàn á sì mọ ohun tí ààlè náà ń wí. Bí ọ̀rọ̀ bá wá le ju ti ẹnu lọ, baálé wà tí yóò pe tọ̀túntòsì jókòó. Àwọn tó sọ pé ilé tó bá tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà, kò retí kí ènìyàn máa gbé pọ̀ láìsí aáwọ̀. Wọ́n mọ̀ pé aáwọ̀ ń bọ̀, wọ́n sì ti pèsè sílẹ̀ dè é.

Nínú yàrá tiwa, kò sí baálé. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni, owó kan náà ni wọ́n san, kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún ẹnì kan. Nítorí náà, bí ìjà bá dé, orin á dòwe. Lónìí, orí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp ni orin olórogún kó lọ. Ẹnì kan á kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kan rò pé ọṣẹ ló ń fúnra rẹ̀ fọ abọ́. Alájọgbé rẹ̀ á kà á, á rẹ́rìn-ín, á gbé ti ara rẹ̀ náà sí i. Igba ènìyàn tí kò gbé inú ilé náà á ti mọ̀ pé ìjà wà níbẹ̀, abọ́ kò sì tíì kúrò nínú sínkì.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le ju bí àwọn òbí wa ṣe rò ó lọ ni bí a ṣe ń san owó ilé. Owó ọdún kan gbáko la sábà máa ń san sílẹ̀, pẹ̀lú owó éjẹ́ǹtì àti owó ìwé lórí rẹ̀. Ká ní ilé kan jẹ́ ₦400,000 lọ́dún, tí ẹni méjì sì dá ₦200,000 kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sá jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nítorí wàhálà, ₦150,000 ló fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án tí kò ní gbé níbẹ̀. Ta ni yóò dá a padà fún un? Ìjà abọ́ kò kan onílé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu fi ń dúró síbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ní sùúrù. Kò rí ọ̀nà jáde ni. Ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ iná, nítorí òun ló ń fa ìjà jù lójú tèmi. Gbogbo wa gbà pé bí owó iná bá tó rà, ká pín in dọ́gba-dọ́gba. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde owó iná tuntun fún àwọn àdúgbò Báńdì A ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ₦225 ni yúníìtì kan. Sítóòfù oníná tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1,000 á jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan. Bí ẹnì kan bá ń fi dáná fún wákàtí méjì lójúmọ́, ₦450 ló ń jó lójoojúmọ́, ìyẹn ₦13,500 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹnì kejì tó jẹ́ pé gílóòbù wáàtì 10 nìkan ló ń tàn fún wákàtí mẹ́fà lálẹ́ kò jẹ ju ₦405 lọ ní oṣù kan náà. Bí ẹ bá wá pín in dọ́gba, ẹnì kan ló ń sanwó ọbẹ̀ tí kò tọ́ wò. Ó lè máa ṣàníyàn pé bóyá ahun ni òun. Kì í ṣe ahun rárá. Ìṣirò ni wọn kò ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àlejò. Àlejò ọjọ́ kan kì í ṣe ìjà. Àmọ́ ọ̀rẹ́ tó wá sùn lálẹ́ Jímọ̀, tí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ ti wà nínú ife yín ní ọjọ́ Jímọ̀ kejì, ti di alájọgbé. Ó ń lo omi, ó ń lo iná, ó ń lo gáàsì, kò sì dá kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ olólùfẹ́ ẹni ni, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí ẹnì kejì kò ní lè wọ yàrá tó fi owó rẹ̀ gbà nígbà tó bá fẹ́. Bí ẹ kò bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé òru mélòó ni àlejò lè sùn, ọjọ́ tí ẹ bá wá sọ ọ́, bí ẹni pé ẹ kórìíra àlejò náà ni yóò rí. Ọ̀rọ̀ orin alẹ́ àti àdúrà òru náà kò yàtọ̀. Ẹni tó ń gbàdúrà kò ṣẹ̀, ẹni tó ní ìdánwò ní aago mẹ́jọ àárọ̀ kò sì ṣẹ̀. Aago tí ilé gbọ́dọ̀ pa rọ́rọ́ ni wọn kò jọ fẹnu kò lé lórí.

Ohun kan tún wà tí àwa Yorùbá kì í fẹ́ sọ síta: ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún kìíní ló ń bá ẹni tó wà ní ọdún kẹrin gbé. Ó ń pè é ní bọ̀dá tàbí àǹtí, ó ń kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Láìpẹ́, òun ló ń pọn omi, òun ló ń fọ ìkòkò, òun ni wọ́n ń rán lọ ra búrẹ́dì. Kò lè sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo gbà pé ká bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n ìyàwó tuntun tó ń gbálẹ̀ láyé àtijọ́ mọ̀ pé ìyàwó mìíràn lè wọlé lẹ́yìn òun, kí òun náà sì di ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún kìíní tó dá ₦200,000 bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò wọlé ọkọ. Ó gba ilé ni. Ọ̀wọ̀ wà lẹ́nu àti ní orúnkún. Iṣẹ́ ilé àti owó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgbọọgba.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: kí ni ìwé àdéhùn ń wá láàrin ọ̀rẹ́? Wọ́n á ní ó dà bí ẹni pé a kò fọkàn tán ara wa. Èsì mi ni pé ìyá tó ń dá àjọ lọ́jà kì í bínú pé alájọ ń fi àmì sí káàdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò ọkọ rẹ̀ ni alájọ náà. Káàdì yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí wọ́n jà. Kì í ṣe gbogbo wa ni orí wa pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní ó ń gba àjọ láì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí ìwé ojú kan ṣoṣo lè bà jẹ́, abọ́ ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ méjì á bà á jẹ́ kánmọ́kánmọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ jókòó, kí ẹ sì dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sínú ìwé kan:

Orúkọ ta ni yóò wà lórí rìsíìtì? Báwo ni a ó ṣe pín owó iná, ta sì ni ó ń lo ohun tó ń jẹ iná jù? Òru mélòó ni àlejò lè sùn nínú oṣù kan? Aago mélòó ni ariwo gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró? Ta ni ó ń gbálẹ̀, ta ni ó ń fọ ilé ìwẹ̀, ọjọ́ wo sì ni? Kí ni a jọ ni, kí ni ẹnì kan dá ni? Bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ kí ọdún tó pé, ṣé ó lè fi ẹlòmíràn rọ́pò ara rẹ̀, ta sì ni yóò fọwọ́ sí ẹni náà? Ta ni a ó ké sí bí ọ̀rọ̀ bá le ju wá lọ?

Ẹ má fojú kéré ti rìsíìtì. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin onílé àti ayálégbé tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011 sọ pé onílé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì tí orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó àti àsìkò tí owó náà wà fún yóò hàn nínú rẹ̀. Òfin kan náà kò gbà kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Bí ẹni méjì bá dá owó, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni méjèèjì. Bí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ìjà bá dé, òun nìkan ni onílé mọ̀.

Ẹni tó ti wà nínú wàhálà ńkọ́? Kò tíì pẹ́ jù. Má sọ̀rọ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru, má sọ ọ́ nígbà tí inú bá ń bí ọ, má sì sọ ọ́ níwájú àlejò. Mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ láti oṣù kẹta. Sọ iye tàbí ọjọ́: "Lágbájá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti ra iná tẹ̀léra nínú oṣù yìí, owó tó wà lọ́wọ́ mi kò sì tó mọ́. Ìwọ lo máa ra ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ìyẹn yàtọ̀ sí "Ahun ni ọ́." Èkíní ní èsì; èébú ni èsì èkejì. Bí kò bá gbọ́, ẹ pe ẹni tí ẹ̀yin méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún, kó sì gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ṣùgbọ́n ó níbi tí àdéhùn mọ. Alájọgbé tó ń jalè, tó ń lu ènìyàn, tó ń fi ipá wá ohun tí a kò fi lọ̀ ọ́, tàbí tó ń kó ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọlé kì í ṣe ẹni tí a ń bá jókòó pín owó iná. Ẹ kó ẹrù yín, ẹ sùn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, ẹ sọ fún òbí yín, fún onílé, fún àwọn aláàbò ọgbà tàbí ọlọ́pàá. ₦150,000 kò tó ẹ̀mí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ ṣe sùúrù sí irú èyí, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ẹ ti gbé irú ilé yìí rí. Bí àbúrò bá ké sí yín pé alájọgbé òun ń yọ òun lẹ́nu, ẹ má kàn sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà nígbà tiyín. Ẹ bi í pé kí ni wọ́n jọ kọ sílẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ bá wọn kọ ọ́, kí ẹ sì gbà láti jẹ́ baálé tí ilé wọn kò ní.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Oṣù méjìlá ni ilé yín. Ẹni tí ẹ ń bá gbé lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò bá yín wáṣẹ́ lọ́la, tàbí ẹni tí ẹ ó máa sá fún nínú ọjà. Kí sáà tuntun tó wọlé, kí éjẹ́ǹtì tó gba owó yín, ẹ wá bébà àti báírò.