Owó Kọ́ Ló Ń Dún Nínú Gìtá

Àwọn àgbà ló sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, gbogbo wa la sì máa ń pa á. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí ohun èlò orin, àwọn kan a gbàgbé rẹ̀ kíá. Orúkọ tí wọ́n kọ sára nǹkan náà ni wọ́n ń wò, iye tí wọ́n rà á ni wọ́n ń bèèrè, wọn kì í sì í dúró gbọ́ bó ṣe ń dún kí wọ́n tó dájọ́. Mo kọ àròkọ yìí láti tako irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Pẹ́dà wah-wah olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ohun èlò orin ni. Ẹsẹ̀ àti etí ló yẹ kí a fi dán an wò, kì í ṣe iye owó rẹ̀.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá rí wah-wah rí. Àpótí kékeré kan ni, tí ẹni tó ń ta gìtá oníná máa ń gbé sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Wáyà kan ti ara gìtá wọ inú rẹ̀, òmíràn sì jáde láti inú rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, èyí tí àwa olórin ń pè ní áńpù. Orí àpótí náà ṣeé tẹ̀ síwá sẹ́yìn, bí aránṣọ ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ fi ẹnu yín dán an wò. Ẹ pe "u", kí ẹ sì máa la ẹnu díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di "a". Ẹ má gbé ohùn sókè, ẹ má sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Wáà" ni ẹ máa gbọ́. Ohun tí pẹ́dà náà ń ṣe fún gìtá nìyẹn. Ìlù dùndún wa ń sọ̀rọ̀ nítorí pé onílù ń fún ọsán rẹ̀, tí ohùn sì ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ti wah-wah yàtọ̀. Ohùn okùn gìtá wà níbi tó wà, ẹnu rẹ̀ ló ń là, tó sì ń pa dé. Nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, àti nínú ọ̀pọ̀ tó tẹ̀ lé e, ibi tí ohùn ti ń yọ jù máa ń wà ní nǹkan bí 400 Hz nígbà tí gìgísẹ̀ bá wà nílẹ̀, á sì gòkè dé nǹkan bí 2,000 Hz nígbà tí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Ẹni tó bá ti ṣe ẹ̀kọ́ fíṣíìsì ní kíláàsì wa mọ̀ pé kò sí idán kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ìtàn léèrè. Báwo ni wọ́n ṣe rí wah-wah? Ní ọdún 1966, ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Thomas Organ ń ṣe áńpù Vox. Ṣíwíìsì kan wà lára áńpù náà tí owó rẹ̀ pọ̀ lójú wọn. Wọ́n ní kí ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Brad Plunkett wá ohun tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ láti fi rọ́pò rẹ̀. Plunkett lo fọ́lúùmù, irú èyí tí a fi ń yí ohùn rédíò. Nígbà tí wọ́n ki gìtá bọ̀ ọ́ tí wọ́n sì ń yí fọ́lúùmù náà, gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í ké "wáà, wáà". Wọ́n gbé e sínú pẹ́dà dùùrù tó wà nílẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè máa yí i. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ibi tí wọ́n ti ń wá bí nǹkan yóò ṣe dínwó ni wọ́n ti rí wah-wah. Ọmọ ìṣọ́wóná ni. Báwo ni ẹnì kan yóò ṣe wá dìde lónìí pé èyí tí kò bá wọ́n kì í ṣe wah-wah?

Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà pàápàá kò tètè mọ ẹni tí yóò wúlò fún. Àwọn tó ń fun fèrè ni wọ́n kọ́kọ́ fọkàn sí. Orúkọ Clyde McCoy, tó jẹ́ afunfèrè, ni wọ́n fi sọ pẹ́dà tí wọ́n gbé jáde sọ́jà ní 1967. Àwọn onígìtá ló gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1968, Jimi Hendrix lò ó nínú orin "Voodoo Child (Slight Return)". Ní 1971, Charles Pitts lò ó nínú orin tí Isaac Hayes ṣe fún fíìmù Shaft. Ẹ tẹ́tí sí ìbẹ̀rẹ̀ orin Shaft yẹn, ẹ máa gbọ́ bí ẹsẹ̀ onígìtá ṣe ń bá ìlù rìn. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ń ta gìtá, mo gbé pẹ́dà oníke kan lọ síbi ìdánrawò orin Ìkórè. Mo bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní gbogbo ìgbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn kí n tó rí owó rẹ̀. Ọ̀gá wa nínú ẹgbẹ́ olórin wo ike náà, wọ́n bi mí pé èló ni mo rà á. Nígbà tí mo dá wọn lóhùn, wọ́n ní, "Gbé e padà sínú àpò rẹ. A ò lè gbé ohun ìṣeré ọmọdé síwájú pẹpẹ." Wọn kò ní kí n ki wáyà bọ̀ ọ́. Wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ títí di òní. Ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun náà ń tu owó jọ láti ra irú rẹ̀. Ó ṣírò iye ọdún tí yóò gbà á láti ra pẹ́dà olórúkọ tí wọ́n ń fẹ́, ó rí i pé àwa yóò ti jáde nílé ìwé. Ó ná owó náà sórí nǹkan mìíràn. Láti ọjọ́ yẹn kò wá sí ìdánrawò mọ́.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Àgbà ni ọ̀gá wa, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò ní kí n má sọ òótọ́. Ìbéèrè "èló ni?" ti lé onígìtá kan dànù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ gìtá rẹ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo èyí tó pọ́ọ́kú ló dára o. Gbogbo alámù ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a ní ọ̀nà tí a ó máa gbà dán wọn wò, ọ̀nà kan náà fún olówó ńlá àti olówó kékeré. Ohun márùn-ún ni mo máa ń wò.

Àkọ́kọ́ ni ìrìn ẹsẹ̀. Ẹ ta okùn kan, kí ẹ sì ka oókan dé ẹẹ́jọ bí ẹsẹ̀ yín ti ń ti orí gìgísẹ̀ lọ sí orí ọmọ-ìka. Ohùn gbọ́dọ̀ máa yí padà ní gbogbo ọ̀nà. Bí ó bá dúró lójú kan títí dé ìdajì, tí ó wá fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ₦10,000 tàbí ₦200,000.

Èkejì, ẹ pa á. Ẹ ki gìtá bọ áńpù tààrà, kí ẹ ta á. Ẹ wá fi pẹ́dà sáàárín láìtan án, kí ẹ tún ta á. Bí gìtá bá wá dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu sọ̀rọ̀, pẹ́dà náà ń jẹ ohùn ni. Àléébù ni, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní àléébù tálákà. Àwọn wah-wah àtijọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi owó gọbọi wá kiri lónìí náà ní in, nítorí pé bí wọ́n ṣe so ṣíwíìsì wọn nígbà náà, ohùn gìtá kì í bọ́ lọ́wọ́ wọn pátápátá bí wọ́n bá tilẹ̀ pa wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni ariwo. Bátìrì 9 volt ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò. Bí ó bá ń kùn nígbà tó wà lórí iná, tí ó sì dákẹ́ lórí bátìrì, ohun tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀ ló jẹ̀bi. Bí ó bá ń ha kará-kará nígbà tí ẹsẹ̀ ń rìn, fọ́lúùmù inú rẹ̀ ló dọ̀tí tàbí tó ti jẹ. Oníṣẹ́ rédíò tó mọ iṣẹ́ lè nù ún, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò ní fọ́lúùmù tó ń jẹ rárá. Hellbabe tí ilé-iṣẹ́ Behringer ṣe, tí ara rẹ̀ jẹ́ ike tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ dé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dìde dúró. Orí ìdúró la ti ń lò ó, kì í ṣe orí àga ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tẹ ṣíwíìsì rẹ̀ ní ìgbà 20, kí ẹ wò ó bóyá ó ń tàn tó sì ń kú ní gbogbo ìgbà. Ẹ wò ó bóyá ó ń yọ̀ lórí ilẹ̀ dídán.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ yí i dojú dé. Ṣé ó ní àwọn skúrúù tó ṣeé tú? Ohun tí kò ṣeé tú kò ṣeé tún ṣe.

Tèmi yege nínú mẹ́ta, ó kùnà nínú méjì. Ó ń jẹ ohùn díẹ̀ nígbà tí mo bá pa á, ó sì máa ń yọ̀ lórí táìsì. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀, kò yọ̀ mọ́. Ní ti ohùn, mo máa ń fi ìkà áńpù yí ohùn tínrín sókè díẹ̀. Ìdájọ́ tèmi nìyẹn lórí pẹ́dà tèmi, ẹnikẹ́ni sì lè tún un dán wò.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò mi yóò sọ. Wọ́n á ní ike yóò fọ́. Òótọ́ ni pé irin le ju ike lọ. Ẹni tó ń ṣeré lóde àríyá lálaalẹ́, tó ń gbé ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn dé Èkó, kí ó ra onírin. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìdánrawò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Àwọn mìíràn á ní kí ọmọdé kọ́kọ́ mọ gìtá ta ná, pé pẹ́dà kò pọn dandan. Èyí gan-an ló lágbára jù nínú àwíjàre wọn, mo sì gbà pé pẹ́dà kò lè bá ẹnikẹ́ni ta gìtá. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ẹsẹ̀ yóò kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀? Ìgbà tó yẹ kí ẹsẹ̀ rìn àti ìgbà tó yẹ kí ó dúró jẹ́ ara orin. A kì í ka ìyẹn nínú ìwé. Ẹni tí kò bá rí pẹ́dà tẹ̀ ní ọmọ ọdún 16 yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nígbà tí ó bá di ọmọ ọdún 30, bí ó bá ṣì ń ta gìtá nígbà náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá wa nínú ẹgbẹ́ olórin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin olùkọ́ orin nílé ìwé, ẹ̀yin tí ẹ ń dájọ́ níbi ìdíje, nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí wa. Kí ọmọ kan náà fi gìtá kan náà àti áńpù kan náà ta orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ó lo pẹ́dà olówó ńlá lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì lo olówó pọ́ọ́kú lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ wá sọ èwo ni èwo. Bí etí yín bá mú olówó pọ́ọ́kú, tí ẹ sì rí i pé ó ba orin jẹ́, a ó gbé e padà sínú àpò, a ò ní jiyàn. Bí kò bá mú un, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbé gìtá rẹ̀ síwájú pẹpẹ. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ohun tí etí yín kò tíì gbọ́ ní ohun ìṣeré.