Kọ̀ǹpútà Ògbólógbòó àti Èdè Inú Ilé

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Gẹ́gẹ́ bí òfin ilé-iṣẹ́ náà, Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sí fún ẹ̀rọ tí kò ní TPM 2.0, èyí tí í ṣe ohun ìdáàbòbò inú ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń kéde pé kọ̀ǹpútà àgbélétan tí ó ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ ti di òkú. Irọ́ ni. Ètò tí ń darí ẹ̀rọ ni ó gbó. Ẹ̀rọ kò kú. Ní Vittin, ní ìlú Tamale, níbi tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ti lè jẹ́ ti bàbá, ti ìyá, ti ọmọ àti ti ìbátan tí ó wá láti abúlé, irọ́ yìí lè gba owó ilé-ìwé ọmọ lọ́wọ́ ìdílé. Ọ̀fẹ́ ni Linux Mint, kò sì béèrè ju gígábáìtì 2 mẹ́mórì lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni ó yẹ kí ó ká àwọn olùkọ́ èdè lára jù lọ. Nígbà tí a bá ń fi ètò tuntun sí ẹ̀rọ, ìbéèrè kan a máa yọjú: kíbọ́ọ̀dù wo ni ẹ fẹ́? Ẹnjiníà tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ a tẹ Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà, a sì kọjá lọ. Báyìí ni ilé tí ń sọ Dagbani tàárọ̀-talẹ́ ṣe di ilé tí kò rí ɣ àti ŋ kọ lórí ẹ̀rọ ara rẹ̀. Ní Ìbàdàn ńkọ́? Ẹ di e, ṣ di s, àmì ohùn sì dàwátì.

Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa fẹ̀sùn kan òyìnbó pé wọn kò ka èdè Áfíríkà sí. Òtítọ́ wà nínú ẹ̀sùn náà, àmọ́ ó ti fẹ́ di àwáwí. Nínú àkójọ kíbọ́ọ̀dù Linux, Yorùbá, Hausa àti Ìgbò wà lábẹ́ Nàìjíríà. Akan, Ga àti Ewe, tí òun náà ń lo ɣ àti ŋ, wà lábẹ́ Gánà; bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí ń jẹ́ GILLBT, orúkọ àjọ onímọ̀ èdè tí ó ní ọ́fíìsì ní Tamale gan-an. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò.

Ewu kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó kan ohun tí a ti kọ sílẹ̀. Kí Unicode tó gbilẹ̀, fọ́ǹtì àdáṣe ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lò: a ya àwòrán ẹ bo ojú àmì mìíràn. Inú fọ́ǹtì yẹn nìkan ni ẹ náà ń gbé. Bí a bá fọ ẹ̀rọ mọ́ láìkọ́kọ́ da fọ́ǹtì náà kọ sí fílááṣì, iṣẹ́ ogún ọdún yóò ṣí, àmì owó àti oríṣiríṣi ìlà ni yóò sì kún inú rẹ̀. Olùkọ́ yóò máa bú fáírọ́ọ̀sì tí kò ṣẹ̀. Kí a pa fọ́ǹtì mọ́ pẹ̀lú ìwé, kí a sì yí ìwé náà padà sí Unicode kí fọ́ǹtì náà tó ṣòro rí.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn. Ṣé ẹnjiníà ni ó ka àkọtọ́ Yorùbá ọdún 1974? Ẹ̀ka èdè tí ń fi gbogbo sáà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àkọtọ́, tí kò sì yọ wákàtí kan sílẹ̀ láti fi bí a ṣe ń yan kíbọ́ọ̀dù hàn án, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Tamale, ń kọ́ ọ láti kọ èdè rẹ̀ sórí pátákó nìkan.