Akọ ni àbí abo? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan tó wà ní Èkó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Chinchilla kan ló ń yí gbirigbiri nínú eruku, irun rẹ̀ rí múlọ́múlọ́ bí òwú. Ohun tí àbúrò mi kọ sábẹ́ rẹ̀ ò pọ̀: "Bọ̀ọ̀dá mi, mo fẹ́ ra ọ̀kan. Èwo ló dáa jù, akọ ni àbí abo?"

Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo dákẹ́. Ó mọ̀ pé mo ń sin chinchilla níbí ní Manchester. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìdáhùn tí kò tọ̀nà sí ìbéèrè yẹn gan-an ló pa ọ̀kan nínú àwọn ẹran mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹran tó jẹ́, torí ọ̀pọ̀ nínú yín lè má tíì rí i rí. Orí òkè Andes ní Chile ni ilé wọn. Ibẹ̀ ga, ó tutù, ó sì gbẹ. Ẹbí eku ni, àmọ́ tí ẹ bá ń wá ìbátan rẹ̀ nínú igbó tiwa, ẹ má wo òkété o. Ọ̀yà àti òòrẹ̀ ló bá a tan jù. Ẹni tó bá ti sin ọ̀yà rí á mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ kì í wáyé ní ìhòòhò bí ọmọ eku ilé. Irun ti bo ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti là. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ chinchilla. Irun wọn sì ki débi pé nínú ihò irun kan ṣoṣo, nǹkan bí irun 60 ló ń jáde. Irun yẹn ló kó bá wọn. Àwọn ọdẹ pa wọ́n nítorí aṣọ olówó iyebíye títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí òkè. Ní 1923, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Mathias Chapman kó mọ́kànlá lára wọn lọ sí California, ọ̀pọ̀ jù lọ chinchilla tí wọ́n ń sìn ní Amẹ́ríkà lónìí ló sì jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn yẹn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ tèmi.

Méjì ni mo rà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti dàgbà díẹ̀, inú àgò kan náà ni wọ́n sì wà. Ẹni tó tà wọ́n gbé wọn sókè, ó wo ìdí wọn fìrí, ó ní akọ ni méjèèjì. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, mo rí ohun tó yọ ṣóńṣó lára méjèèjì, mo gbà. Mo sọ ọ̀kan ní Àjàní, mo sọ èkejì ní Àlàó. Oríkì ọkùnrin pọ́ńbélé.

Àjàní ló tóbi jù, òun ló sì le jù. Òun ló ń kọ́kọ́ jẹun, òun ló ń lé Àlàó kúrò lórí pákó òkè. Ní ọjọ́ kan tí mo fẹ́ gbé e nígbà tí kò fẹ́, ó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó tọ̀ sí mi lójú. Mo ń nu ojú, mo ń sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, "Akọ gidi rèé!" Ara mi ló ń tì mí báyìí tí mo bá rántí. Láàárín chinchilla, abo ló sábà máa ń tóbi ju akọ lọ: akọ máa ń wọ̀n tó 400 sí 500 gíráàmù, abo lè dé 600 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abo ló máa ń jẹ gàba. Abo náà ló sì sábà máa ń tọ̀ síni lára tínú bá bí i. Gbogbo ohun tí mò ń pè ní ìwà akọ, ìwà abo ni, ojú mi ló fọ́.

Èdè wa náà ò kúkú ràn mí lọ́wọ́. "Ó jẹun," "ó sùn," "ó tọ̀ sí mi lójú": akọ tàbí abo, "ó" ni. Kò sọ́jọ́ kan tí ẹnu mi fi ní láti ro ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí mo rà wọ́n, mo rí nǹkan kékeré kan tó ń mì lábẹ́ Àjàní. Mo kọ́kọ́ rò pé eku ilé ló wọlé. Ọmọ ni. Kò wúwo tó ẹyin adìyẹ, ojú rẹ̀ là kedere, ó ń wò mí. Mo pe màmá mi nílé, Ìbàdàn ni wọ́n wà, mo ṣàlàyé, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Àjàní bímọ kẹ̀?" A rẹ́rìn-ín títí fóònù fi já.

Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi. Torí pé inú mi ń dùn, mi ò yọ Àlàó kúrò nínú àgò. Mo rò pé bàbá gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé abo chinchilla lè lóyún padà láàárín wákàtí díẹ̀ tó bá bímọ tán. Oyún wọn sì gùn fún ẹran tó kéré tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ 111. Ti ehoro kì í ju oṣù kan lọ. Àjàní ń fún ọmọ lọ́mú, oyún mìíràn sì ti wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọmọ dábùú. Mo gbé e dìgbàdìgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lóru. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti béèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ "abo" fún un fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe, kò jí mọ́. Mi ò yí orúkọ rẹ̀ padà. Àjàní náà ni mo kọ sórí páálí tí mo fi sin ín.

Ohun tó tan àwa méjèèjì jẹ, èmi àti ẹni tó tà á, ni pé abo chinchilla ní ohun kan tó yọ síta tó jọ ti akọ. Ibẹ̀ ni ìtọ̀ ń gbà jáde lára rẹ̀. Akọ náà ò sì ní ẹpọ̀n tó ń jò fírífírí bíi ti òbúkọ tí ẹ ó fi dá a mọ̀ lókèèrè. Inú ara ni tiẹ̀ wà. Nítorí náà, ẹ má wo ohun tó yọ, àlàfo ni kẹ́ ẹ wò, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín ohun tó yọ yẹn àti ihò ìdí. Ti akọ, àlàfo náà hàn, ẹ ó rí awọ láàárín. Ti abo, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra, torí ojú ara rẹ̀ tó wà láàárín wọn máa ń pa dé ni, àfi tí àkókò àtigba akọ bá tó tàbí tó bá fẹ́ bímọ. Tí ẹ bá rí méjì tí ẹ lè fi wéra, ó máa ń rọrùn. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko. Ìṣẹ́jú méjì ni yóò gbà á.

Wàyí o, èwo ló dáa jù? Àwọn tó ń sìn wọ́n máa ń sọ pé akọ ló jẹ́jẹ́, abo ló ń kanra. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn yan ẹran. Mo ti rí akọ tó ń géni jẹ, mo sì ti rí abo tó máa ń sùn nínú àpò aṣọ olówó rẹ̀. Ọwọ́ tó tọ́ ẹran láti kékeré ṣe pàtàkì ju ohun tó wà nídìí rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, tí ẹ bá fi dandan lé e pé kí n mú ọ̀kan, màá ní kí ẹni tí kò sìn ín rí mú akọ méjì, ọmọ ìyá kan náà tí wọn ò tíì yà nípá, kí abo má sì sí nítòsí wọn. Kì í ṣe torí pé wọ́n jẹ́jẹ́. Torí pé àṣìṣe tó wà níbẹ̀ máa ń hàn ni. Tí akọ méjì bá jà, ẹ ó gbọ́ ariwo, ẹ ó rí irun nílẹ̀, ẹ ó sì yà wọ́n. Oyún kì í pariwo. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé ọmọ abo lè ní kòkòrò kó sì kún fún ọyún, ẹ lè má mọ̀ títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ pátápátá. Tó bá sì di pé ẹ fẹ́ fi akọ àti abo sínú àgò kan, títẹ akọ lọ́dàá rọrùn ju kí wọ́n la ikùn abo lọ.

Akọ ní wàhálà tiẹ̀ o, àwọn tó ń tà á kì í sì í sábà sọ ọ́. Irun lè wé mọ́ nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ bí òrùka. Tó bá fún un pinpin, á wú, kò ní lè padà wọlé, ó sì lè dí ìtọ̀ mọ́ ọn nínú. Lóṣooṣù ni mo máa ń yẹ Àlàó wò. Kò fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà ò fẹ́ràn rẹ̀, a máa ń fara dà á.

Ní ti àbúrò mi l'Ékòó, mo sọ fún un pé kó má ra akọ, kó má sì ra abo. Ó bínú díẹ̀. Ó ní ṣé torí pé òun ò sí nílùú òyìnbó ni. Mo ní rárá, irun ni. Ẹran tí irun 60 wà nínú ihò kan lára rẹ̀ kò lè làágùn bíi tiwa. Tí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 25 lórí ìwọ̀n Celsius, ewu ti dé, pàápàá níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti tutù rinrin bíi ti Èkó. Ọ̀sán Èkó sì máa ń kọjá 30 fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Fáànù ò lè ràn án lọ́wọ́, torí òógùn ni fáànù ń gbẹ, òun ò sì ní òógùn. Ó di dandan kí ẹ́síì máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, fún ẹran tó lè lo ọdún 15 láyé. Mo bi í pé tí wọ́n bá mú iná lọ ní aago méjì ọ̀sán, tó sì wà níbi iṣẹ́, ta ni yóò tan jẹnẹrétọ̀ fún eku?

Kò fèsì títí dalẹ́. Nígbà tó yá, fọ́tò ehoro kan wọlé, funfun báláú, etí rẹ̀ pupa nínú. Ó ní aládùúgbò wọn ló fẹ́ fún òun lọ́fẹ̀ẹ́, akọ ni, òun sì ti fẹ́ máa pè é ní Àkànní.

Mo bi í pé, "Ta ló sọ fún ẹ pé akọ ni?"