Ọ̀nà Abẹ́lẹ̀ Kì Í Ṣe Ibùgbé

Àwọn baba wa a máa wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun ó wọ́. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn bí a ti ń wo bí ìsokọ́ra àtijọ́ ti ṣe pọn ìsokọ́ra tuntun sẹ́yìn nínú íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo mọ́. Méjì ni: ti àtijọ́ tí à ń pè ní IPv4, àti ti tuntun tí à ń pè ní IPv6, àwọn méjèèjì kò sì gbọ́ èdè ara wọn. Bí a ó ti so wọ́n pọ̀, àti ìgbà tí a ó fi ti àtijọ́ sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀rọ̀ ìlú ni.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1981 ni a tẹ ìlànà IPv4 jáde. Gẹ́gẹ́ bí ilé kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà tí afìwéránṣẹ́ ń wò, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì. Gbogbo èyí tí IPv4 lè pèsè kò ju 4,294,967,296 lọ. Kò tó ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn ènìyàn tí ó wà láyé lónìí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2011, àjọ IANA, tí í ṣe olùtọ́jú àká, pín ìwọ̀nba tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún àjọ márùn-ún tí ń bójú tó àgbègbè ayé. AFRINIC, tí í ṣe ti Áfíríkà, wọ ìpele ìkẹyìn ní oṣù kìíní ọdún 2020, òfin ìpele náà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà ju 1,024 lọ lẹ́ẹ̀kan.

A kò ṣàì rí ewu náà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1998 ni a ti tẹ ìlànà IPv6 jáde. Àdírẹ́sì rẹ̀ gùn ní ìlọ́po mẹ́rin ti àtijọ́, iye rẹ̀ kò sì ṣeé kà tán. Ṣùgbọ́n gígùn yìí gan-an ni ó di ìṣòro, nítorí ẹ̀rọ tí ó mọ IPv4 nìkan kò lè kà á.

Ibí ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ti wúlò. Bí ìlú méjì bá ń lo IPv6, tí ilẹ̀ àárín wọn sì jẹ́ ti IPv4, ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́nubodè ìlú kìíní a fi ìdì ìsọfúnni IPv6 sínú ìdì IPv4, bí ẹni fi lẹ́tà sínú àpòòwé mìíràn, a sì kọ àdírẹ́sì ẹnubodè kejì sí i lára. Àwọn ẹ̀rọ ojú ọ̀nà a gbé e kọjá láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá dé, a tú àpòòwé òde kúrò, lẹ́tà gidi a sì jáde.

A kò lè kóyán ọgbọ́n yìí kéré. Láti ọdún 1996 títí di ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 2006, ìsokọ́ra àdánwò tí a pè ní 6bone fi í so orílẹ̀-èdè púpọ̀ pọ̀. Ní ìparí ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Free ní ilẹ̀ Faransé lo irú rẹ̀ kan tí Rémi Després gbìmọ̀, èyí tí à ń pè ní 6rd. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni ó fi gbé IPv6 dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀, láìwó ti àtijọ́ palẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ní ìnira tirẹ̀. Àpòòwé òde ń gba àyè: nínú ìdì tí ó jẹ́ báìtì 1,500, ó ń jẹ 20, 1,480 ni ó ń kù fún ẹrù. Aṣọ́bodè tí ó ń wo òde àpòòwé nìkan kò sì lè mọ̀ bóyá oúnjẹ ni ó wà nínú rẹ̀ tàbí májèlé. Èyí tí ó burú jù ni ti 6to4, tí a gbé kalẹ̀ ní ọdún 2001. Ọwọ́ àwọn tí kò bá oníbàárà dá májẹ̀mú kankan ni ibùdó ìgbẹ́rù rẹ̀ wà. Bí ẹrù bá sọnù, kò sí ẹni tí a ó bi léèrè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, àjọ IETF tí ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kéde pé kí a yé lo àwọn ibùdó náà. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tí ó ní olówó orí, tí ó sì ní ọjọ́ ìparí, ni ó ń ṣe ìlú ní àǹfààní.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ti àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ni a ń sáré sí?” Àwa náà yóò bi wọ́n pé: ta ni ó ń jìyà rẹ̀? Níbi tí àdírẹ́sì bá ti wọ́n, ilé-iṣẹ́ a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà sábẹ́ ẹyọ kan. Bí ẹnì kan nínú wọn bá hùwà jìbìtì, tí a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àdírẹ́sì náà, olùkọ́ tí ń wá ìwé fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ yóò bá wọn wà lóde. Àwọn tí ó tètè dé ọjà ti kó tiwọn. Àwa ará Áfíríkà tí a pẹ́ dé ni a ń rá bàbà. Íńdíà náà pẹ́ dé, ṣùgbọ́n ju ìdajì àwọn tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ lọ ni ó ti wà lórí IPv6. Nàìjíríà ṣì wà lẹ́yìn jìnnà.

Ìjọba Amẹ́ríkà kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ìgbà tí ó bá wu kálukú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ó pàṣẹ pé kí ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 àwọn ẹ̀rọ ìsokọ́ra rẹ̀ máa lo IPv6 nìkan nígbà tí ọdún ìnáwó 2025 bá fi parí. Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí ìjọba wa náà dá ọjọ́, kí ó má sì fi owó ìlú ra ẹ̀rọ tí kò mọ IPv6. Ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù tí a lè máa tì lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí a bi àwọn tí ń tọrọ ìbò wa léèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ti tuntun pẹ̀lú ti àtijọ́.

Ìyá tí ó pọn ọmọ ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá tí í pọn ọmọ títí ọmọ yóò fi hu irùngbọ̀n.