Iyọ̀ Kọ́ Ni Ó Ń Pa Àfín
Ìwé-pẹlẹbẹ fún ìyá, bàbá àti olùkọ́ ọmọ àfín

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwa ọmọ Yorùbá gbà gbọ́ láìwádìí, ó ṣòro kí a tó rí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ tó èyí tí ó sọ pé àfín kì í jẹ iyọ̀. Ìbá à ṣe lóko, ìbá à ṣe nílé, ìbá à ṣe lọ́dọ̀ oníṣẹ̀ṣe, Mùsùlùmí tàbí Kìrìsítẹ́nì, bí a bá ti bí ọmọ tí awọ ara rẹ̀ funfun, tí irun rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú, ohun tí àwọn àgbà ilé yóò kọ́kọ́ kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ ni pé kí ó ya ìkòkò ọmọ náà sọ́tọ̀, kí iyọ̀ má ṣe kan ẹnu rẹ̀, nítorí pé iyọ̀ ni ó ń mú kí àmì wínníwínní sọ sí àfín lára, òun ni ó ń sọ àmì náà di egbò, òun náà ni ó sì ń mú àfín lọ láìgbó láìtọ́. Mo kọ ìwé kékeré yìí láti sọ pé irọ́ ni, irọ́ tí ó sì ń pa ọmọ ni, nítorí pé nígbà tí gbogbo ilé bá kó ojú jọ tí wọ́n ń ṣọ́ àwo iyọ̀, oòrùn tí í ṣe apani gan-an yóò máa ràn sára ọmọ náà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbé ìbòrí lé e lórí. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

N kò kọ ọ́ láti fi àwọn baba ńlá wa ṣẹ̀sín, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn ní orísun. Òrìṣà-ńlá, Ọbàtálá, aláàlà funfun gbòò, ẹni tí Olódùmarè fi iṣẹ́ mímọ ara ènìyàn lé lọ́wọ́, ni wọ́n gbà pé ó mọ àfín, abuké, aràrá àti arọ, tí ó sì fi wọ́n ṣe ti ara rẹ̀, èyí tí a fi ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà. Àtẹ́ sì ni oúnjẹ Òrìṣà-ńlá, a kì í fi iyọ̀ sí i, nítorí náà ohun tí òrìṣà kò bá jẹ, ẹni òrìṣà náà kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Èèwọ̀ ìsìn ni, ìsìn sì ní ìdí tirẹ̀ tí n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tí kò bọ Òrìṣà-ńlá mọ́, tí kò tilẹ̀ mọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀, tí ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀ tàbí sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, ṣì di èèwọ̀ yìí mú ṣinṣin, ó sì ti sọ ọ́ di òògùn. Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́ pé àwọn àgbà rí àfín inú ilé òrìṣà tí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ títí ó fi dàgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé inú ilé ni onítọ̀hún ń gbé, pé kì í lọ sóko, àti pé àlà ni ó ń bora láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Aṣọ àti ibòji ni ó ṣe iṣẹ́, àtẹ́ ni ó gba ìyìn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú ara wa wò ó. Bí ẹ bá ní ìbátan kan tí ó jẹ́ àfín, tí ó ti dàgbà, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ oko tàbí tí ó ń pàtẹ ní gbangba ọjà, ẹ fi ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ẹ wo ara òun. Ẹ ó rí i pé iwájú orí rẹ̀ le gbaragbara, pé imú àti ṣóńṣó etí rẹ̀ ti gba ọgbẹ́ léraléra, pé ètè rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ sán, pé ìpàkọ́ rẹ̀ àti apá rẹ̀ láti ìgúnpá dé ọwọ́ kún fún àmì, pé àyà rẹ̀ níbi tí ọrùn bùbá ti là sílẹ̀ pọ́n, ó sì wú. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo ikùn rẹ̀, kí ẹ wo abíyá rẹ̀ àti itan rẹ̀ níbi tí ṣòkòtò tàbí ìró máa ń bò: ẹ ó rí i pé awọ ibẹ̀ dán, ó sì rọ̀ bí ti ọjọ́ tí a bí i. Iyọ̀ tí ènìyàn bá jẹ, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń wọ̀, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó sì ń ṣàn dé ojú tí ó ń ṣàn dé ìdí. Kí ni ó wá dé tí iyọ̀ fi mọ ibi tí aṣọ bò, tí ó sì yẹra fún un? Ta ni ó kọ́ iyọ̀ ní ìwọ̀n apá ẹ̀wù? Ìbéèrè yìí ni mo ń bi àwọn tí ó di ọ̀rọ̀ náà mú láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nínú ọ̀rọ̀ àfín, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì tíì rí èsì kan fún mi.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Nínú awọ ara gbogbo wa ni èròjà kan wà tí ń mú wa dúdú, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní mẹ́lánìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ìtànṣán oòrùn dúró kí ó má baà wọ inú lọ ba awọ jẹ́. Díẹ̀ ni ti àfín, ti ẹlòmíràn nínú wọn kò tilẹ̀ sí rárá. Kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tí ó lóyún, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni: baba àti ìyá ni ó jọ gbé àbùdá náà wá, tí àwọn méjèèjì lè dúdú bí ẹlòmíràn, tí ó fi jẹ́ pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan ìdá kan nínú 4 ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ àfín. Ìtànṣán tí mo ń sọ yìí, ojú kò rí i, kì í sì í ṣe òun ni ooru tí a ń mọ̀ lára, nítorí náà ni ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run tí atẹ́gùn sì tutù fi lè jó ọmọ àfín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Àárín agogo 10 òwúrọ̀ sí agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ni agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Yóò kọ́kọ́ mú kí awọ pọ́n, kí ó ta, kí ó sì bó. Nígbà tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún, awọ yóò di líle, yóò yi. Ní ọjọ́ kan, egbò kan yóò yọ tí kò ní san mọ́, tí a ó máa da ewé àti àgúnmu sí, títí ilé ìwòsàn yóò fi sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ni, ó sì ti tàn ká.

Ní 1975, Dókítà A. N. Okoro tẹ ìwádìí kan jáde lórí nǹkan bí 1,000 àfín ní ilẹ̀ Nàìjíríà wa níhìn-ín, kò sì rí ẹnì kan nínú àwọn tí ó ti kọjá ọmọ 20 ọdún tí awọ ara rẹ̀ kò ní jẹjẹrẹ tàbí àwọn àmì tí ń ṣáájú rẹ̀. Ọmọ 20 ọdún! Ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ìyàwó ni òun ń wá oníṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ ibi náà kò sì bẹ̀rẹ̀ ní 20. Nígbà tí ó wà ní ọmọ 3 ọdún, tí ó ń rìn níhòòhò nínú àgbàlá, tí a ń rẹ́rìn-ín sí i, ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àfín nìkan ni, kí ó wo àwọn òyìnbó tí wọ́n fi ilẹ̀ tútù sílẹ̀ lọ tẹ̀dó sí Ọsirélíà, níbi tí oòrùn ti mú bí ti wa. Iyọ̀ tí baba wọn ń jẹ ní Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, síbẹ̀ ilẹ̀ náà wà lára àwọn ibi tí jẹjẹrẹ awọ ara ti wọ́pọ̀ jù lọ ní gbogbo ayé. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọn kò gba iyọ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Láti 1981 ni wọ́n ti ń kọ́ tọmọdé tàgbà pé kí wọ́n wọ ẹ̀wù, kí wọ́n fi ìpara adènà-oòrùn para, kí wọ́n sì dé fìlà, ó sì di òfin ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wọn pé ọmọ tí kò bá dé fìlà kò gbọdọ̀ jáde lọ ṣeré.

Ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ kan, mo rí ọmọbìnrin àfín kan tí kò lè ju ọmọ 8 ọdún lọ, tí ó ru igbá ẹ̀pà sísè. Agogo kan ọ̀sán ti kọjá. Aṣọ tí kò ní apá ni ó wọ̀, imú rẹ̀ ti bó, ètè rẹ̀ ti sán, ó sì fi ọwọ́ kan di igbá mú, ó fi èkejì ṣíji bo ojú rẹ̀ tí kò lè là dáadáa. Mo ra ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní kí ó bù nínú rẹ̀ jẹ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, sà, n ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Màmá mi ní iyọ̀ wà nínú ẹ̀.” Ẹ kò lè bá mi sọ pé ìyá yìí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ó ti kọ́ ọ débi pé ebi kò lè mú un rú òfin, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ṣọ́ ọ. Gbogbo ìtọ́jú tí ó ní ni ó kó lé orí iyọ̀, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé igbá lé ọmọ náà lórí, tí ó rán an lọ sínú oòrùn.

Àtẹ́ tí a ń fún wọn jẹ yìí kò sì jẹ́ aláìníbi. Láti 1993 ni Nàìjíríà ti ń fi ayódìn sínú iyọ̀ tí a ń tà lọ́jà, nítorí pé ẹni tí kò bá rí ayódìn tó lè yọ gẹ̀gẹ̀, ọmọ tí kò bá sì rí i tó, ọpọlọ rẹ̀ kò ní já geere. Ọmọ àfín tí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, tí ìwé kíkà ti ṣòro fún, ni a tún wá ń du ohun tí ń tún ọpọlọ ṣe. Kí a má sọ ti ọkàn rẹ̀, nígbà tí ó bá ń wo ìṣaasùn tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, tí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sì ń lá ọbẹ̀ tí ó dùn ní ìka.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn mọ àfín kan tí kò fi ẹnu kan iyọ̀ rí, tí ó sì gbó, tí ó tọ́. Mo gbà, ẹ bá mi béèrè iṣẹ́ tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe. Àwọn mìíràn ní òrí ni àwọn fi ń pa ọmọ àwọn lára: òrí dára fún awọ tí ó gbẹ, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ká ìtànṣán oòrùn, àdín àti epo pupa kò sì ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpara tí ó lè gbà á ni èyí tí a kọ nọ́ńbà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, tí a ó sì tún fi pa á ní wákàtí méjì-méjì. Bí owó rẹ̀ kò bá sí, ẹ̀wù tí ó ní apá gígùn, ṣòkòtò tàbí yẹ̀rì tí ó dé ọrùn ẹsẹ̀, àti akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ gbòòrò tí ó ṣíji bo etí àti ìpàkọ́, wà lọ́jà wa láti ìgbà láéláé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ jù. Mo ti rí ilé-ìwé tí ọ̀gá ibẹ̀ ti ṣí fìlà lórí ọmọ àfín ní àárín ìlà òwúrọ̀, tí ó ní fìlà kò sí nínú aṣọ ilé-ìwé. Mo mọ ibi tí a ti ní kí ọmọ àfín kúnlẹ̀ nínú oòrùn fún ìyà nítorí pé kò lè ka ohun tí a kọ sójú pátákó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà ọjà yìí. Ẹ jẹ́ kí ó dé akẹtẹ̀ rẹ̀ wá, kí apá ẹ̀wù rẹ̀ gùn ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń tò sójú oòrùn, ẹ jẹ́ kí ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ńṣì iwájú ni kí ẹ fi í sí, kí ó jìnnà sí fèrèsé, kí ó sì lè dìde lọ bá pátákó nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ láìtọrọ ààyè.

Ní Moshi, ní ilẹ̀ Tanzania, àwọn oníṣègùn awọ ara ń po ìpara adènà-oòrùn fúnra wọn fún àwọn àfín ilẹ̀ wọn, tí wọn kò dúró de èyí tí ọkọ̀ òkun yóò kó wá. Ilé-ẹ̀kọ́ ìpoògùn wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, ó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Èkó. Kò sí ohun tí ó sọ pé àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa bá ra ohun tí wọ́n bá pò, tí wọ́n sì kó o sí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ láti pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ 13 oṣù Òkúdu sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọ̀rọ̀ àwọn àfín. Kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà ka orúkọ àwọn ọmọ àfín tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ agbègbè wọn kí èyí tí ń bọ̀ tó pé, kí wọ́n mọ ìwọ̀n orí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì gbé akẹtẹ̀ àti ìpara wá sí orí pèpéle dípò ọ̀rọ̀.