Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ẹ Yéé Dá Owó Lé Káàdì Tí Kò Tíì Pé

Àwọn kan wà tí wọ́n ti sọ ara wọn di olùkọ́ póòkà. Ìmọ̀ràn wọn kò ju ẹyọ kan lọ: bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú káàdì mẹ́ta tí àmì wọn bára mu, tètè fi kún owó, kí ẹ̀rù lè ba àwọn yòókù. Irọ́ ni, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa. Ìmọ̀ràn yìí gan-an ló ń sọ àpò di òfìfo.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò nínú stud oníkáàdì méje. Oníkálùkù á gba méjì ní bíbò, wọ́n á ṣí ẹ̀kẹta síta. Mẹ́ta mìíràn á tún wá ní ṣíṣí, èyí tó kẹ́yìn á wà ní bíbò. Ẹni tó ní ọkàn pupa mẹ́ta ṣì nílò méjì sí i nínú mẹ́rin tó kù kí ó tó di márùn-ún. Bí a kò bá tíì wo káàdì ẹlòmíràn, nǹkan bí ìgbà 18 nínú 100 ni yóò pé. Ìgbà 82 ni kò ní pé! Ẹran tó ṣì wà nínú igbó, ta ní ń torí rẹ̀ gbé ìkòkò kaná?

Wọ́n á ní, "Owó ni a ó fi lé wọn sá." Ta ni yóò sá? Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò dára ni, ẹni náà gan-an tí owó rẹ̀ ì bá di èrè yín bí káàdì yín bá pé. Ẹni tí kò ní sá ni ẹni tó ti ní ọba méjì lọ́wọ́, tó sì ti wà níwájú yín. Ẹ lé àwọn tó yẹ kó sanwó lọ, ẹ wá dá dúró ti ẹni tó lè nà yín. Ọgbọ́n wo nìyẹn?

Èyí tó burú jù ni pé wọn kì í wo ohun tó wà níta. Ọ̀tayò gidi kì í ṣí ọmọ ayò nídìí láìka ti ilé ẹnìkejì. Ká ní ẹni mẹ́jọ ló jókòó, káàdì méje àwọn ẹlòmíràn ló wà ní gbangba. Bí ọkàn pupa kankan kò bá sí nínú wọn, àǹfààní yín á tó nǹkan bí 24 nínú 100. Bí mẹ́ta bá wà níbẹ̀, á já sí nǹkan bí 12. Káàdì kan náà lọ́wọ́, ìdajì àǹfààní ti lọ!

A kò ní kí ẹ máa sá. Bí èrò bá pọ̀, tí àmì yín kò sì tíì jáde níta, ẹ san owó kékeré wọlé. Bí ẹ̀kẹrin bá bára mu, àǹfààní á fò dé nǹkan bí 47 nínú 100. Ìgbà yẹn ni kí ẹ dá owó, pàápàá bí èrò bá ṣì pọ̀. Bí kò bá bára mu, ẹ múra àtijù ú sílẹ̀, torí níbi tí wọ́n bá ti fi òdiwọ̀n sí owó dídá, ìlọ́po méjì ló ń dà láti orí ẹ̀karùn-ún.

Ẹnìkan á ní, "Orí mi á gbè mí." Orí ń gbeni lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí kì í báni ka káàdì. Ojú ló ń kà á. Ẹni tí kò bá fẹ́ la ojú rẹ̀, kó yáa jẹ́ kí owó oúnjẹ rẹ̀ wà lápò.